Kọ́kọ́rọ́ Ara Ògiri Màmá Àjàṣẹ́

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ilé Màmá Àjàṣẹ́, n kò tíì kúnlẹ̀ tán tí wọ́n fi nawọ́ sí mi.

"Kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ dà?"

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ilé ni mo ti máa ń tọ́jú aláìsàn, láti New Carrollton títí dé Fort Washington, nílùú òyìnbó níbí. Egbò tí ìtọ̀ ṣúgà fà sí Màmá lẹ́sẹ̀ ni wọ́n ní kí n máa wẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ mi ṣe.

"Ṣé ìwọ ò ní ti ara rẹ mọ́ ìta lọ́jọ́ kan ni?"

Mo wo ògiri, kọ́kọ́rọ́ ló kún orí ìṣó. Bí mo ṣe ń wẹ egbò ni wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Lónìí, Faransé ni wọ́n ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin àdúgbò yẹn, ará Tógò, ará Benin, ará Kamẹrúùnù. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá kọ́kọ́ dé láti Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin, kò sí ẹni tí wọ́n lè kí ní Faransé. Àbúrò ọkọ wọn ló tẹ̀lé wọn, ó sùn ní pálọ̀; nígbà tó rí ilé tirẹ̀ ní òdìkejì títì, ó fi kọ́kọ́rọ́ kan sílẹ̀ fún wọn. Àbúrò mú ọ̀rẹ́ wá, ọ̀rẹ́ mú ìyàwó wá. Gbogbo wọn ló sùn ní pálọ̀ yẹn, gbogbo wọn ló fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Bí àdúgbò ṣe kún nìyẹn.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ilé tèmi jìnnà. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Kò pẹ́ tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, tí kọ́kọ́rọ́ mi wà nínú ilé, tí èmi wà níta. Ìgbà tí mo tún lọ wẹ egbò, mo mú kọ́kọ́rọ́ kan dání.

Ìgbà tí Màmá yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn tó gòkè lọ sí ilé wọn ni Sẹ́línì, ọmọ wọn obìnrin, sọ pé òun máa kó wọn lọ sílé òun ní Fort Washington.

"Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Stairs yẹn dangerous."

Òótọ́ ló sọ, inú mi sì bàjẹ́. Màmá ò jiyàn. Wọ́n kàn ní ká kọ́kọ́ dá kọ́kọ́rọ́ oníkọ́kọ́rọ́ padà.

Èmi àti Sẹ́línì kó àwọn kọ́kọ́rọ́ náà sínú abọ́, a ń kan ilẹ̀kùn kiri. Kò sẹ́ni tó gbà á. Obìnrin kan ní òun ń se ọbẹ̀, ọwọ́ òun ò mọ́. Bàbá kan sọ̀rọ̀ ní Faransé, ojú Sẹ́línì sì yí padà bó ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

"Ó ní ta ni kí òun wá mú un fún?"

Ilẹ̀kùn Kòfí tó ń ṣe búrẹ́dì la kàn gbẹ̀yìn, ní ìsàlẹ̀ ilé tí Màmá ń gbé gan-an. Kò tilẹ̀ wo abọ́. Ó fi Yorùbá tó kọ́ ní pálọ̀ Màmá dáhùn.

"Ẹsẹ̀ tèmi le. Ẹ jẹ́ kí n gòkè, kí Màmá sọ̀kalẹ̀."

Onílé gbà. Lọ́jọ́ tí Màmá sọ̀kalẹ̀, èmi ni mo kan ìṣó. A dá gbogbo kọ́kọ́rọ́ padà sára ògiri, ó wá ku ìṣó kan lófìfo. Sẹ́línì dúró níwájú rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan nínú tirẹ̀.

"Màmá, tí èmi náà bá ti ara mi mọ́ ìta ńkọ́?"

Màmá nawọ́ sí ìṣó náà.

"Fort Washington jìnnà," ni wọ́n wí. "Gbé e kọ́."