Ẹ̀rọ Ìdarí Ọkọ̀ Tí A Lọ Rà ní Èkó

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí a fi kúrò nílé wa ní Bódìjà. Bàbá Tádé, ọkọ mi, ti wọ bàtà tán kí n tó bọ́jú, àwọn tó jẹ́ pé èmi ni mo máa ń dúró dè lójoojúmọ́. Èkó là ń lọ, láti ra ẹ̀rọ kan fún ọkọ̀ ìgbòkun wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wá ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í yé bi mí pé kí ni olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì n'Ìbàdàn, níbi tí kò sí ọ̀sà, ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣe. Èmi náà ti bi wọ́n títí, ó ti sú mi. Òyìnbó kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó ló tà á fún wọn kó tó padà sílùú rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ni, aṣọ ńlá kan ló ń gba atẹ́gùn sí, ọ̀pá gígùn kan sì wà nídìí rẹ̀ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Tílà ni wọ́n ń pe ọ̀pá náà.

Tílà yìí ló di wàhálà. Àìsàn kan mú wọn lápá ọ̀tún lọ́dún tó kọjá. Apá náà ti ń bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ òsì bá di tílà mú, kò sí ọwọ́ tó máa fa okùn ìgbòkun. Ẹ̀rọ tá a fẹ́ rà ló ń bá ènìyàn di tílà mú tí ọkọ̀ kò fi ní yà kúrò lọ́nà. Ọtopáílọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pè é. Tádé, ọmọ wa, ti bá wọn rí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà, Bàbá Tádé sì ti gbà pé bí àwọn kò bá lè fi ẹ̀rọ dá wà á, àwọn á tà á. Ohun tá a torí ẹ̀ jí nìyẹn.

Takisí gbé wa gba Sángó, ó já wa sí Mọníyà níbi tí a ti wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n òtútù inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń ta omi ìgò ní Bódìjà ni wọ́n sì ń tà á níbẹ̀. Mo ṣáà ti di mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ dání. Títí a fi kọjá Abẹ́òkúta, atẹ́gùn ojú ọ̀sà ni Bàbá Tádé ń ròyìn fún mi. Mi ò rí i kí wọ́n sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà àìsàn náà. Inú mi dùn, kí n má parọ́.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ náà l'Ékòó wà létí ọ̀sà gan-an, nítòsí ibi tí wọ́n so ọkọ̀ wa mọ́. Ní Dùgbẹ̀, iye owó ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún ọ kí ìdúnàádúrà tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ń tajà níbí, ìbéèrè ló kọ́kọ́ ń bi wá. Báwo ni ọkọ̀ ṣe wúwo tó, ti ẹrù inú rẹ̀ ti ènìyàn? Báwo ni bátìrì ṣe lágbára tó? Ó ní ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lágbára ju ìwúwo ọkọ̀ lọ dáadáa, torí ìgbì. Bàbá Tádé ń dá a lóhùn bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò tó ti mọ ìdáhùn rẹ̀. Méjì ló kù tó bá a mu. Ara ọ̀kan ni bọ́tìnnì rẹ̀ wà, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ló sì máa ń gbé e kọ́ tílà fúnra rẹ̀. Èkejì ní rìmóòtù tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn: bí wọ́n bá ti bá ènìyàn so ẹ̀rọ náà mọ́ tílà ní èbúté, àtàńpàkò kan ló kù tí yóò máa fi darí ọkọ̀.

Obìnrin náà na ẹ̀rọ sí wọn kí wọ́n gbé e wò. Ọwọ́ ọ̀tún wọn wà nínú àpò. A kì í fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn, wọ́n bá ní, "Ìyá Tádé, gbà á." Mo gbà á. Ó wá béèrè pé ta ló máa lò ó, bóyá ọwọ́ tàbí ẹ̀yìn ń dun ẹni náà, kí a má bínú pé òun ń béèrè. Bàbá Tádé wò mí. Láti kékeré la ti kọ́ wa pé bí àgbà bá wo ni báyẹn níwájú àlejò, ká panu mọ́.

Mo ní, "Bàbá ló ni ín. Ara wọn le dáadáa."

Ó ní ó dáa, pé kí a mú èyí tí kò ní rìmóòtù, torí nǹkan tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kò pọ̀. A sanwó. Ó tẹ̀ lé wa dé ibi tí ọkọ̀ wà, ó lu ihò méjì, ọ̀kan sí tílà, ọ̀kan sí etí ọkọ̀, ó ki irin bọ̀ wọ́n, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Tádé ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, àwọn fẹ́ dán an wò. Wọ́n fi òsì di tílà mú, wọ́n fi ọ̀tún gbé ẹ̀rọ láti fi kọ́ àwọn irin náà. Ìdí rẹ̀ wọlé. Kí orí rẹ̀ tó wọlé, apá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo dìde, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti já bọ́ sínú ọ̀sà. A jọ ń wo omi. Mo ní ká padà lọ mú èkejì, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé owó tá a mú dání ti bá èyí lọ. Wọ́n ní ká máa lọ sílé.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n pe ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kó wá gbé e, pé ìgbòkun rẹ̀ ṣì dára. Ọkàn mi bàjẹ́. A sọ̀ kalẹ̀ ní Mọníyà, takisí sì gbé wa dé Bódìjà.

Nílé, wọ́n jókòó sí pálọ̀ láì bọ́ bàtà. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní ká ní mo ti sọ ti apá wọn fún obìnrin yẹn ni, èkejì ni ì bá fún wa.

Wọ́n ní, "Mo ń retí pé kó o sọ ọ́."

"Mo rò pé ojú á tì yín ni."

"Ojú ń tì mí, Ìyá Tádé. Ìdí tí mo fi mú ọ dání nìyẹn."