Eruku Sìmẹ́ńtì Lára Òdòdó Bàbá Mi

Ẹnu mi yìí ló bà á jẹ́. Mi ò ní purọ́.

Bàbá mi ń wa tírélà sìmẹ́ńtì láti Obajana. Ìgbàkígbà tó bá wálé sí Karaworo ní Lokoja, ẹ̀gbẹ́ òdòdó pupa tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn yí ilé wa ká ló máa ń páàkì sí, eruku á sì bo gbogbo ewé. Màmá á pariwo mọ́ ọn: "Ẹ tún ti gbé sìmẹ́ńtì yín dé!" Lẹ́yìn náà, á gbé korobá omi, á mú àkísà, á máa nu ewé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín ló fi ń pariwo yẹn.

Bàbá kú sójú ọ̀nà lọ́dún tó kọjá. Ìlú wọn la gbé e lọ sin sí. Òdòdó yẹn nìkan ló kù fún Màmá láti fọwọ́ kàn ní Lokoja.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ewé mélòó kan nídìí géètì wú, wọ́n nípọn bí etí tí agbọ́n ta, nǹkan funfun sì bò wọ́n. Màmá pè mí pé kí n wá wò ó. Fóònù ni mo tẹjú mọ́. "Eruku sìmẹ́ńtì ni, Màmá. Kí ló tún fẹ́ jẹ́?" Tírélà wo ló páàkì síbẹ̀? Mi ò tiẹ̀ rò ó!

Ojú Màmá tàn. Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀ ló ń nu wọ́n láti géètì dé ẹ̀yìn ilé, pẹ̀lú àkísà kan náà, omi kan náà. Kò pẹ́ tí kò fi sí igi kan tí ewé rẹ̀ kò wú. Àwọn ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Ayálégbé wa kan tó ń kọ́ni níṣẹ́ ọ̀gbìn ní Adankolo ló já ewé kan wò. "Kì í ṣe eruku, Màmá. Àrùn ewé tó bá olú tan ni, funfun yẹn sì ni irúgbìn rẹ̀. Ká ní ẹ tètè já àwọn ewé àkọ́kọ́ dànù ni, ì bá ti tán. Omi àti àkísà yín ló gbé e kiri."

Màmá wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní ká gé gbogbo rẹ̀, a gé e, a sun ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a nídìí géètì pẹ̀lú korobá tó kún fún omi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Kò bínú.

"Ìwọ lo sọ pé sìmẹ́ńtì ni," ó ní. "Mo rò pé bàbá rẹ ni wọ́n wá wò mí."