Ṣàngóbùnmi Oníkiri àti Míndìn-míndìn Dúdú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí òwò ṣe wọ Ìbàdàn, ẹ má wulẹ̀ yọ àwọn baálé lẹ́nu. Ẹsẹ̀ Ṣàngóbùnmi ni kí ẹ wò. Nígbà tí ogun Kírìjì ṣì gbóná, ó wà lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń ru èkùrọ́ lọ sí ọjà Orù nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n sì ń ru iyọ̀ bọ̀. Oníbodè a gba tirẹ̀ ní àlọ, a tún gbà á ní àbọ̀. Ogun tán, ọ̀nà là, ọkọ̀ ojú irin dé. Wọ́n ní ìsinmi ti dé fún alárù. Irọ́ gbuu! Ẹrù tí ọkọ̀ bá já sílẹ̀, ṣebí orí ènìyàn náà ló ń gbé e wọ ìlú.

Ṣàngóbùnmi wá ń kiri àádùn láti Ọjà'ba, ó ń gun òkè Màpó, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ, títí orúnkún rẹ̀ fi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ó rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń wò. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́ láyé: ibi tí yóò jókòó sí tajà.

Ìdí nìyẹn tó fi dá Olúsànyà lóhùn, akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù òyìnbó kan ní Bẹẹrẹ. Agolo míndìn-míndìn ńlá kan wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí kò tà, dúdú bíi kóró iṣin. Olúsànyà ní gbòǹgbò igi ni wọ́n fi ṣe é, ní ìlú ńlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí èéfín ilé iṣẹ́ ti ń bo oòrùn lójú.

"Ìyá, ẹ bá mi tà á. Bó bá tán, abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí di tiyín."

"Akọ̀wé, ṣé o ò ní yí ohùn padà?"

"Ìyá, onígbàgbọ́ ni mí."

Ta ni yóò rà á? Ohun dúdú tí a ń fi sẹ́nu, òògùn ni ní Ìbàdàn, a kì í sì í ṣàdédé jẹ òògùn. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ta ohun jíjẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú oníbàárà, kí wọ́n má baà fura sí i. Ṣàngóbùnmi ń tọ́ ọ wò láti àárọ̀ dalẹ́, ahọ́n rẹ̀ dúdú, wọn kò sì rà á.

Lọ́jọ́ kan, Sìdí, ìyàwó ilé kan ní Bẹyẹrunká, dúró níwájú igbá rẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń wúkọ́.

"Ẹ kú ọjà, Ìyá. Òògùn ikọ́ nìyí, àbí?"

Ṣàngóbùnmi la ẹnu láti sọ pé rárá. Orúnkún rẹ̀ ta á. Ó pa ẹnu dé, ó bù díẹ̀ jẹ, ó di ìyókù fún un. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé dídákẹ́ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n òun gan-an kò gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ òògùn ikọ́ tàn kálẹ̀, agolo sì ṣófo. Olúsànyà kò yẹ àdéhùn, ó gbé àpótí kan fún un lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ṣàngóbùnmi jókòó, ó na ẹsẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Kò tíì gbádùn rẹ̀ tó tí Sìdí fi sáré dé. Ara ọmọ gbóná janjan, kò lè wúkọ́ mọ́, ó kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, òògùn yẹn ti tán. Òun nìkan ni mo ń fún un."

"Kì í ṣe òògùn, Sìdí. Míndìn-míndìn lásán ni. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́."

Sìdí tú ọ̀já, ó gbé ọmọ náà sí i lọ́wọ́. Ṣàngóbùnmi gba ọmọ, ó pọ̀n ọ́n, ó di Pópó Yemọja, lọ́dọ̀ Ọ̀ṣuntúndé tó ń wo àrùn ọmọdé. Kò kúrò níbẹ̀ títí ọmọ fi làágùn, tó sì ké fún ọmú.

Nígbà tó padà sí Bẹẹrẹ lọ́jọ́ kejì, Kúlúsúmù tó ń kiri iyọ̀ láti Mọ́lété ló bá lórí àpótí. Olúsànyà ń wo ilẹ̀.

"Ìyá, mo rò pé ẹ ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ ni."

Ká ní ìgbà ọ̀dọ́ Ṣàngóbùnmi ni, gbogbo Bẹẹrẹ ni ì bá gbọ́ igbe rẹ̀. Kúlúsúmù fọwọ́ ti ìbàdí, ó fẹ́ dìde fún un. Ṣàngóbùnmi rí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà, ó ti là káàkiri.

"Jókòó jàre," ló wí. "Ta ni kò rẹ̀?"