Ilé Ìsìn Wa Tó Di Ilé Símẹ́ńtì

Òórùn símẹ́ńtì ló dá mi dúró ní Akpakpa, ní Kùtọ̀nú níbí, láìpẹ́ yìí, ní ọ̀nà kan tí n kò gbà mọ́ láti ìgbà pípẹ́. Ilé olórí páànù tí wọ́n ń kó àpò símẹ́ńtì sí yẹn, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìsàmì fún mi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má gbà á gbọ́. Àwọn òbí wa tó ti Nàìjíríà wá ta aṣọ ní Kùtọ̀nú ni wọ́n kọ́ ọ. Àga rẹ̀ gùn débi pé bí ẹnì kan bá sún díẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun òsì a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ìpẹ̀kun náà ni èmi àti Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi máa ń jókòó sí, tí a ó máa rẹ́rìn-ín sínú. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìjọ, ló ń darí ìsìn. Télọ̀ ni. Ohùn rẹ̀ kò dùn, síbẹ̀ òun ló máa ń kọrin sókè jù.

Nígbà tó yá, ọjà kò tà mọ́. Àwọn kan padà sílé, àwọn mìíràn kó lọ sí àdúgbò Gbégamey, wọn kò wá mọ́, wọ́n ní ibẹ̀ jìnnà sí Akpakpa. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Nígbà mìíràn àwa ọmọdé pọ̀ ju àgbà lọ, ṣùgbọ́n Bàbá Ìjọ kò yé ṣí ilẹ̀kùn.

Ẹni tó fún wa nílẹ̀ ti kú, ẹnu lásán ni wọ́n sì fi ṣe àdéhùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá wo ilé tó ṣófo, wọ́n ní àwọn ti rí ẹni tí yóò rà á. Bàbá Ìjọ bẹ̀ wọ́n títí, ọjọ́ Ìsinmi kan péré ni wọ́n yọ̀ǹda fún un láti fi ṣe ìsìn ìkẹyìn.

Lọ́jọ́ náà, ilé kún. Àwọn tí a ti gbàgbé ojú wọn wọ aṣọ funfun wá láti Gbégamey. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté dúró síta nítorí pé kò sáyè mọ́. Wọ́n kọrin, wọ́n sunkún. Bàbá Ìjọ kò wàásù. Ó wò wá títí, ó ní, "Bí ẹ bá ti ń wá báyìí tẹ́lẹ̀, ta ni ì bá tà á?"

Ìyá mi sorí kọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Àbẹ̀kẹ́ bá bàbá rẹ̀ padà sí Nàìjíríà. Ó ní òun á wá kí mi nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi. N kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta símẹ́ńtì bóyá ó mọ ohun tí ilé náà jẹ́ rí. Ó fi Yorùbá tó ti dà pọ̀ mọ́ èdè Ègùn dáhùn pé, "Màmá, ilé símẹ́ńtì ni a bá a."

Ilé àdúrà tuntun ń yọ kiri ìlú lónìí, ariwo wọn kì í jẹ́ ká sùn. Ìjọ kékeré tí èmi ń lọ ní tiẹ̀ ń dín kù. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, òjò ń rọ̀, orúnkún ń ro mí. Ọmọ mi obìnrin ní kí n jókòó sílé, pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè sọ ìsìn di òfìfo.

Mo ní kó bá mi mú agbòjò wá, ká jọ lọ.