Ọ̀sán tí Ẹ̀rọ Wàsílátù Dákẹ́

Etí Wàsílátù, aya Àlàó awakọ̀, le díẹ̀. Èmi tí mo ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ n'Ílá ni mo wí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí àwọn ajínigbé ti dá ọkọ̀ kan lọ́nà Iresi ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ó kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń gba ibi tí fóònù ọkọ rẹ̀ wà, tó sì ń kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo ní, “Ṣé ọkọ lo fẹ́ ni àbí ewúrẹ́ lò ń sìn?” Ó kàn ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní ìlà ti pọ̀ jù, orúkọ ìlú nìkan lòun fẹ́ máa rí. Ó bá ní kí ètò náà máa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ètò mìíràn tí yóò bá a ṣà á. Bí ojú ẹ̀rọ ṣe dákẹ́ nìyẹn. A retí títí, kò sóhun tó jáde. Ó pe Àlàó, kò gbé e. Àlàó kì í gbé fóònù nídìí ọkọ̀, a mọ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í gbọ́ àlàyé.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ń bà mí.”

Mo pe Bàbá Ajíbọ́lá, ẹ̀gbọ́n Àlàó, ní gáréèjì. Bàbá kò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n àgbà kì í dá wá sírú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mú àgbà méjì dání. Wọ́n wọlé jẹ́jẹ́, wọ́n ní, “Wàsílátù, jókòó ná. Bu omi mu.” Ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ nílẹ̀ wa? Wàsílátù ṣubú lulẹ̀, ìborùn rẹ̀ tú, ó bú sẹ́kún.

Ibi tá a ti ń rọ̀ ọ́ ni ẹ̀rọ ti da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: Iresi, Iresi, Ìlá, Ìlá. Ètò náà kò kú rárá, ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ ni. Tó bá jẹ́ ojú ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́ sí, á máa tú u sílẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ ètò ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e fún, kò ní í tú u sílẹ̀ àfi tí àpò tó ń kó o sí bá kún. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn, kò sẹ́ni tó rán an. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sọ irin ìlọṣọ mi lù ú.

Àlàó yọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn àgbà lórí bẹ́ǹṣì, ó rí ife omi, ó rí ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Èwo ni nínú àwọn ọmọ mi?”