Ọ̀nà Tó So Erékùṣù Wa Mọ́ Òkè

Ilé méje péré ni wá lórí erékùṣù náà, láàárín ilẹ̀ dúdú tó wà níwájú ìlú Kpoulou. Tí òjò bá ti dé, omi á yí wa po, ẹrẹ̀ á sì mu èèyàn dé itan. "Òkè" la máa ń pe gbogbo ilẹ̀ tó kù láyé. Àwọn ará òkè náà ń pe wá ní ọmọ ọ̀pọ̀lọ́. Gbogbo ẹni tó gbé ibẹ̀ ni mo ṣì mọ orúkọ wọn, títí kan àwọn tó kú lọ́mọ ọwọ́.

Massè, ní òkè, ni mo ti fẹ́ ìyàwó mi. Kó tó gbà, ó ní, "Ṣé inú omi yẹn la máa kú sí ni?"

Mo ní, "Ọjọ́ tí wọ́n bá la ọ̀nà débẹ̀, ọjọ́ náà la máa kó lọ sí òkè."

Mo mọ̀ pé òyìnbó ò ní í la ọ̀nà nítorí ilé méje.

A gba òmìnira. Kò pẹ́ rárá tí kòmáńdà tuntun tó ń ṣàkóso àgbègbè wa, èèyàn dúdú bíi tiwa, ní kí gbogbo ilé jáde wá fi ilẹ̀ pupa dí ẹrẹ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì la fi rù ú. Ìyàwó mi rù ju ọkùnrin lọ. Àwọn ìyá ilé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó, ṣé gbogbo òkè lo fẹ́ rù wá fún wa ni?"

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jẹ́ n rù ú. Òun ló máa gbé mi lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.

Ọjọ́ tí ọ̀nà kan òkè, ìyàwó mi ti di ẹrù. Mo ní kó jẹ́ ká kó àgbàdo ná. Lẹ́yìn àgbàdo, mo ní ó ku ẹ̀gẹ́. Ó wò mí títí.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ ò ní í lọ."

"Màá lọ."

"Ó dáa. Ẹ ó bá mi níbẹ̀."

Ó kó àwọn ọmọ, ó kọ́lé sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní Massè. Àwọn ilé tó kù ń kó lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà tí a rò pé yóò mú èèyàn wá bá wa, òun la fi tú ká. Nígbà tó yá, ó ku èmi nìkan. Mo máa ń sọ̀rọ̀ sókè nínú oko kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn. Lọ́jọ́ ọjà, màá lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyàwó mi, màá sì padà. Kò bá mi jà rí. Ó kàn máa ń bi mí pé, "Àgbàdo ọ̀hún ò tíì gbó?"

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba ní Kutonu, àbúrò rẹ̀ obìnrin wá bá mi lóko. Kò kí mi. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀. Ó ti lọ."

A sin ín sínú ilé rẹ̀. N kò padà sí erékùṣù mọ́. Yàrá kan wà nínú ilé rẹ̀ ní Massè tí àwọn ọmọ ní òun fúnra rẹ̀ ń gbá láràárọ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn sí. Ibẹ̀ ni mo wà.