Owó Dé, Opó Ra Àga

Ike ni mo ń tà ní ọjà Ogbete, ní ìlú Enugu níbí: korobá, agbọ̀n, abọ́, bùtà àlùwàlá, àga. Ó ti lé lógún ọdún tí èmi àti ọkọ mi ti kúrò ní ìlú wa lápá Kwara. Òun ń lẹ táyà, èmi ń ta ike, àwọn ọmọ wa sì ń sọ Pidgin. Bí mo bá ń fi Yorùbá bú wọn, wọ́n á máa wò mí bí ẹni ń gbọ́ rédíò ìlú mìíràn. Ìwé mẹ́ta ni mo kà kí bàbá mi tó ní ó tó. Àmọ́ ẹnu kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ìwé.

Mo ní oníbàárà kan, opó ni, láti abúlé kan lókè lọ́hùn-ún, lẹ́yìn Ngwo. Ó máa ń gbé fùfú wá tà lọ́jà. Bí ó bá tà á tán, á yà sí ọ̀dọ̀ mi wá ra korobá tó ti sán. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa lè má mọ̀ pé a kì í sọ ike tó sán nù. A ó ki ọ̀bẹ bọ iná, a ó fi yọ́ ike àlòkù lé ojú ibi tó sán, a ó da omi tútù sí i. Ó di pé ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ nìyẹn. Bí mo bá ti ní korobá tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ, màmá yìí ni mo ń tọ́jú rẹ̀ dè. Kì í ná ọjà. Iye tí mo bá pè ni yóò san, á wá gbé àdúrà lé e: kí ọjà mi má kùtà, kí ọmọ mi má kú, kí ọkọ mi má fẹ́ ìyàwó kejì. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo máa ń ṣe àmín sí jù.

Ìgbà tí ọjà wá gbówó lórí débi pé iyọ̀ gan-an ń ṣe fáàrí, àwọn ẹgbẹ́ kan dé abúlé rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fún àwọn tí kò ní lọ́wọ́ ní owó, pé orí fóònù ni yóò máa wọlé sí. Wọn ò ní gbà á padà. Wọn ò ní sọ ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe. Wọn ò tilẹ̀ ní kọ́kọ́ kó wọn jókòó láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fọwọ́, bí ẹni pé àìmọ ọwọ́ fọ̀ ló sọ wọ́n di tálákà.

Ọkùnrin Ìgbò tó ń ta àgádágodo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kò sóhun tó jọ ọ́. "Ẹni tó bá ń fún ewúrẹ́ ní iyọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ yẹ àpò rẹ̀ wò, ọ̀bẹ wà níbẹ̀." Èmi ní ìbò ni wọ́n ń wá. Àwọn kan lábúlé náà tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n ní owó ejò ni, pé ẹni tó bá gbà á, ejò á gbé e mì.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ejò fún màmá, ó gbé igbá fùfú rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ọmọ Yorùbá, bí ejò bá fẹ́ gbé mi mì, kó kọ́kọ́ bọ́ mi kí n sanra díẹ̀. Báyìí, kí ló fẹ́ rí jẹ lára mi?"

Owó ò tíì wọlé tí gbogbo ọjà ti bá a ná an tán. Alágàádágodo ní ewúrẹ́ ni yóò rà. Ọkọ mi ní òrùlé ni yóò tún ṣe. Èmi ní aṣọ ni, torí mo mọ obìnrin, èmi náà ń ṣe é.

Owó wọlé lóòótọ́. Lábúlé náà, ẹnì kan ra páànù, ẹnì kan ra rédíò tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ, ẹnì kan fi tirẹ̀ mu ẹmu títí ó fi ń kí igi. Kò sí ẹni tí ejò gbé mì. Opó tèmi san owó ilé ìwé ọmọ ọmọ rẹ̀, ó gba oògùn orúnkún, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí Ogbete láì gbé fùfú. Ó dúró níwájú ìsọ̀ mi bí ọ̀gá.

"Mo fẹ́ àga," ló wí. "Èyí tó ní apá méjèèjì."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé àga lẹ máa jẹ?"

"Ìwọ tí o ń jẹ ọbẹ̀ tó kún fún epo, ṣé epo náà lo ń jókòó lé?"

Alágàádágodo rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wá omi. Bí wọ́n ṣe máa ń bú àwa Yorùbá níbí nìyẹn, pé ọlọ́bẹ̀ epo ni wá. Èmi náà máa ń fi ọkpa, oúnjẹ bíi mọ́ínmọ́ín tí wọ́n ń jẹ láàárọ̀, dá wọn lóhùn, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn mo fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àga.

Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Bí oṣù kẹjọ bá ti dé, àwọn obìnrin abúlé wọn, títí kan àwọn tó wà ní ìlú ńlá, máa ń pàdé nílé. Olúkúlùkù ló ń gbé àga rẹ̀ wá. Ẹni tí kò bá ní àga, ilẹ̀ ni yóò jókòó sí, lẹ́nu ọ̀nà, láàárín àwọn ìyàwó tuntun. Ìyàwó tuntun kì í sì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀, etí ni wọ́n ń gbé wá. Nígbà tí ọkọ màmá yìí kú, àwọn ará ilé ọkọ kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kó ìkòkò, wọ́n kó àga.

"Wò mí dáadáa," ló wí. "Irun mi ti funfun tán, ìyàwó tuntun sì ni mí."

"Ṣé ẹ ò lè yá àga ni?"

"Mo yá a rí. Lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni ó dìde, ó ní òun fẹ́ gba àga òun, ẹsẹ̀ ń dun òun. Kí n tó gbé ìdí mi délẹ̀, wọ́n ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn."

Ọ̀rọ̀ tó sì fẹ́ sọ kì í ṣe ti ìdí lásán. Ilẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ sí wà lójú ọ̀nà. Àwọn ará Enugu ti ń gun òkè Ngwo lọ kọ́lé, àbúrò ọkọ rẹ̀ sì ti rí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà. "Bí ilẹ̀ yẹn bá lọ, kò sí ẹ̀gẹ́. Bí kò bá sí ẹ̀gẹ́, kò sí fùfú. Bí kò bá sí fùfú, kí ni mo tún ń ṣe láyé? Ẹgbẹ́ obìnrin nìkan ló lè dá a dúró. Wọn ò sì ní gbọ́ mi láti ilẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo wọ inú ìsọ̀, mo gbé àga aláwọ̀ búlúù kan jáde, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin gan-an ni mo fi èyí pamọ́ fún."

Ó dojú àga dé, ó fi àtàǹpàkò wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni ń wá iṣan lára aláìsàn, ó sì dúró síbi tí ọ̀bẹ ti kàn án.

"Ọmọ Yorùbá, èmi tí mo ń fi korobá rẹ pọnmi gun òkè, ṣé èmi lo fẹ́ fi àpá ọ̀bẹ pamọ́ fún?"

Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí gbogbo àga mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí ń mì. Èyí há. Èyí ń rùn. Àwọ̀ èyí dà bí ojú ẹni tó ní ibà. Ó wá mú aláwọ̀ pupa kan, ó sì ná an! Obìnrin tí kì í ná ọjà! Ó bú ọjà mi, ó bú ẹni tó ṣe é, ó ṣe bí ẹni ń lọ, ó padà, ó tún bú u. Kò sì ṣe àdúrà kankan. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí owó ọ̀fẹ́ ń ṣe fún tálákà: ó ń jẹ́ kí ó lè sọ pé ọjà ẹni kò dára. Inú bí mi gan-an.

Bí ó ṣe ń gbé àga rẹ̀ lọ, ó ní, "Gbé àga wá tà lọ́jọ́ ìpàdé wa. Àwọn tó ń bọ̀ láti ìlú ńlá máa ń gbàgbé tiwọn."

Èmi kì í kọ ọjà. Lọ́jọ́ náà mo di àga sórí bọ́ọ̀sì, a fi wọ́n gun òkè Milken dé abúlé wọn, mo sì mú àga aláìsàn búlúù náà dání, bóyá n ó rí ẹni tí àtàǹpàkò rẹ̀ kò gbọ́n. Mo pàtẹ sábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ra gbogbo rẹ̀ tán, aláìsàn nìkan ló kù.

Màmá dé. Ó gbé àga rẹ̀ kọjá àwọn ìyàwó tuntun, ó gbé e kalẹ̀ níwájú pátápátá.

Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ wò ó. "Àga ta nìyẹn?"

"Àga mi."

"Ta ló fún ọ?"

"Fóònù mi."

Ó jókòó, ó gbé apá lé apá àga, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹni tó lè ní kó dìde. Nígbà tí ó parí, àwọn àgbà obìnrin kàn wo ara wọn. Wọ́n ní àṣà kan láti ayé àtijọ́: bí ọkùnrin kan bá ṣe àṣejù, wọn kì í bá a jà, agbo ilé rẹ̀ ni wọ́n máa lọ jókòó sí títí ọgbọ́n á fi dé orí rẹ̀. Gbogbo wọn gbé àga rù, ó di ilé àbúrò ọkọ. Mo gbé aláìsàn mi, mo tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kò ní pàdánù irú eré bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin náà ti gbọ́. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ó pa rédíò. Wọ́n jókòó yí ilé ká, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara. Oòrùn ń mú. Kò sí ẹni tó jáde. Ẹsẹ̀ wá ń ro mí. Mo wo aláìsàn mi, aláìsàn wò mí. Mo ní bísímílà, mo jókòó lé e.

Gbàà! Ẹsẹ̀ iṣẹ́ abẹ náà ṣẹ́. Mo yí gbirigbiri, ìborùn mi lọ sí ọ̀tọ̀, bàtà mi lọ sí ọ̀tọ̀, ewúrẹ́ kan já okùn. Ẹ̀rín tí àwọn obìnrin yẹn rín, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Iva Valley, nísàlẹ̀ òkè lọ́hùn-ún. Àbúrò ọkọ ò lè mú un mọ́ra. Ó ṣílẹ̀kùn, ó yọrí: "Kí ló ṣubú?"

Kí ó tó gbọ́ èsì, màmá ti gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn gan-an, ó ti jókòó. Ilẹ̀kùn ò lè padé mọ́.

"Ìyàwó wa, dìde níbẹ̀."

"N kò dìde. Àga mi ni."

Ó wo ẹ̀yìn màmá, ó rí gbogbo obìnrin abúlé lórí ìjókòó, ìyàwó tirẹ̀ náà ń nu omi ẹ̀rín lójú. Wọ́n mú kí ó sọ ọ́ sókè, kí gbogbo etí gbọ́, pé òun ò ta ilẹ̀ náà mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn ò gbọ́. Ó tún un sọ.

Ilé ń jáde lórí àwọn ilẹ̀ tó kù lójú ọ̀nà náà. Ẹ̀gẹ́ ṣì wà lórí ti màmá.

Lẹ́yìn náà, ó padà wá sí ìsọ̀ mi pẹ̀lú fùfú rẹ̀, ó ní korobá tuntun lòun ń fẹ́. Ó gbé e sókè sí oòrùn, ó fi ojú kan wo inú rẹ̀, ó ná mi títí wọ́n fi pe ìrun àsárì. Nígbà tí agara dá mi, mo gbà fún un. Mo ní, "Màmá, ó dáa, ẹ wá ṣe àdúrà ìgbà àtijọ́ yẹn fún mi, pàápàá ti ìyàwó kejì."

Ó gbé korobá ka orí. "Àdúrà wà, Ọmọ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ó ti gbówó lórí."